Bí Owó Ìfẹ̀yìntì Sójà Ṣe Lè Tẹ Ẹbí Rẹ̀ Lọ́wọ́: Ìtọ́sọ́nà fún Àwa Ará Òṣogbo

Ìbéèrè kan ni ẹ ń bi mí jù: "Sójà ni bàbá wa, ó ti fẹ̀yìntì kó tó kú. Ibo la ti máa bẹ̀rẹ̀ ká tó rí owó rẹ̀ gbà?" Bàbá àwọn mìíràn ṣì wà láàyè, àmọ́ owó oṣooṣù ti dúró, wọn ò sì mọ ohun tó dá a dúró.

Ìdáhùn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Nínú ọ̀rọ̀ tí mo ti bá àwọn ẹbí tẹ̀ lé, kì í sábà jẹ́ pé ìjọba kọ̀ jálẹ̀. Ìwé ni kì í bá ìwé mu. Orúkọ tó wà nínú fáìlì ológun yàtọ̀ sí ti NIN. Ẹni tí bàbá kọ sílẹ̀ bíi next of kin ti kú tipẹ́. Ọjọ́ ìbí mẹ́ta wà lórí ìwé mẹ́ta. Bí bàbá bá ṣì wà, ó lè fi ẹnu ara rẹ̀ búra, ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ka sí àṣìṣe. Bó bá ti lọ, ilé ẹjọ́ ni ẹ máa máa sá sí lórí gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí bàbá yín ṣì wà, ẹ má fo apá kejì. (Bàbá ni mò ń wí láti òkè dé ilẹ̀, àmọ́ bó bá jẹ́ ìyá ló wọṣẹ́ ológun, ọ̀nà kan náà ni.)

## 1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ọ́fíìsì tó ni ọ̀rọ̀ yín

Kì í ṣe Sẹkitéríàtì Àbéré. Àwọn òṣìṣẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ló ni ìlà pẹ́ńṣọ̀n tí ẹ ń rí níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ń san ti sójà.

- Sójà orí ilẹ̀, ti ojú omi àti ti òfúrufú tó ti fẹ̀yìntì: Military Pensions Board, l'Abuja. Láti ọdún 2011 ni òfin ti yọ àwọn ológun kúrò nínú ètò pẹ́ńṣọ̀n tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba jọ ń dá owó sí. Ẹ má wulẹ̀ wá owó wọn lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni tó ń tọ́jú pẹ́ńṣọ̀n.
- Sójà tó kú lẹ́nu iṣẹ́: ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó wà nígbà tó kú. Bó bá jẹ́ ọmọ ogun orí ilẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀gá ológun, Command Army Records ní Lọ́kọ́ja ni fáìlì rẹ̀ wà. Bó bá jẹ́ ọ̀gá, ọ́fíìsì Military Secretary l'Abuja ni.
- Ọlọ́pàá: ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Àwọn tó wà lórí ètò àtijọ́ (tí ìjọba nìkan ń san) ń lọ sí PTAD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó pẹ́ńṣọ̀n ètò yẹn; àwọn tó wà lórí ètò tuntun (tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba jọ ń dá owó sí) ń lọ sí NPF Pensions Limited, ilé iṣẹ́ tó ń tọ́jú pẹ́ńṣọ̀n àwọn ọlọ́pàá. Ohun tí mo kọ nípa orúkọ, ìwé ikú àti ilé ẹjọ́ nísàlẹ̀ yìí wúlò fún wọn náà.

Ohun kan tún wà tó máa ń da àwọn èèyàn láàmú. Wọ́n á rí ọ̀rọ̀ náà "discharge" lórí ìwé bàbá, wọ́n á ní wọ́n lé e ni. Rárá o. Discharge ni ìwé tí sójà ń gbà nígbà tó bá parí iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa. "Dismissal" ni lílé, ẹni tí wọ́n bá lé bẹ́ẹ̀ ló máa ń pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ ka ìwé náà dáadáa kẹ́ ẹ tó sọ̀rètí nù.

## 2. Nígbà tí bàbá ṣì wà láàyè

1. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Nọ́ńbà ológun, ipò tó fi kúrò, ọjọ́ tó wọṣẹ́, ọjọ́ tó kúrò, àti nọ́ńbà pẹ́ńṣọ̀n. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé méjì, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ tí kì í gbé nínú ilé náà. Nọ́ńbà ológun ni wọ́n fi ń wá fáìlì. Bí orúkọ bá tilẹ̀ ní àṣìṣe, nọ́ńbà yẹn á ṣì mú wọn débẹ̀.
2. Ẹ tẹ́ ìwé márùn-ún sórí tábìlì: ìwé discharge, káàdì tàbí ìwé pẹ́ńṣọ̀n, NIN, BVN, àti ìwé báńkì tí owó ń gbà wọlé. Ẹ ka orúkọ àti ọjọ́ ìbí lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè kí ẹlòmíràn máa gbọ́. Ojú nìkan máa ń fo lẹ́tà.
3. Ẹ béèrè ẹni tó kọ bíi next of kin. Ọ̀pọ̀ sójà kọ orúkọ ìyá wọn tàbí ẹ̀gbọ́n wọn nígbà tí wọn ò tíì níyàwó, wọn ò sì padà yí i mọ́. Bí ẹni náà bá ti kú, tàbí tí bàbá bá fẹ́ ẹlòmíràn, kí òun fúnra rẹ̀ kọ lẹ́tà sí Military Pensions Board báyìí, kó fi ìwé ìbúra ilé ẹjọ́ tì í.
4. Ẹ rí i pé àkáǹtì náà ń ṣiṣẹ́, pé NIN ti wọnú rẹ̀, pé nọ́ńbà fóònù tó wà níbẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín.
5. Ẹ má jẹ́ kó pàdánù àyẹ̀wò. Láti ìgbà dé ìgbà ni Military Pensions Board máa ń pe àwọn olówó ìfẹ̀yìntì kí wọ́n wá fi ara hàn. Ẹni tí kò bá yọjú, owó rẹ̀ lè dúró. Bí pẹ́ńṣọ̀n bá ṣàdédé dákẹ́, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń béèrè nìyí.

Bí àìsàn bá dá bàbá dùbúlẹ̀, ẹ gba ìwé lọ́dọ̀ dókítà, ẹ kọ lẹ́tà ṣáájú ọjọ́ àyẹ̀wò, ẹ ní kò lè dìde, kí ẹ sì béèrè bí wọ́n ṣe máa rí i. Ẹ má ṣe rán ẹlòmíràn lọ dúró ní ipò rẹ̀. Àwọn kan ti dán an wò nítorí àánú bàbá, ó sì di ẹ̀sùn jìbìtì sí wọn lọ́rùn.

### Ọ̀rọ̀ orúkọ, pàápàá nílùú wa

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, torí òun ló ń pa wá lára jù ní Òṣogbo.

Ká ní bàbá wọṣẹ́ ológun nígbà ogun abẹ́lé, Ọ̀ṣundáre ni orúkọ tó kọ sílẹ̀. Àwọn ọmọ dàgbà, wọ́n di onígbàgbọ́, wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò. Àkọ́bí di Jésùdáre, àbúrò rẹ̀ di Olúdáre. Nílé, gbogbo wa mọ̀ pé ọmọ bàbá kan ni wọ́n. Ẹni tó jókòó sídìí fáìlì l'Abuja kò mọ̀ ọ́n, kò sì sí ohun tó fi yẹ kó gbà bẹ́ẹ̀ láìrí ẹ̀rí. Ilé tí wọ́n ti yọ Ògún tàbí Ifá kúrò nínú orúkọ, bákan náà ni. Àwọn Mùsùlùmí tó jẹ́ Rasidi nínú fáìlì tí NIN wá gbé Rasheed, tàbí Ganiu tó di Ganiyu, àwọn náà wà nínú ẹ̀.

Ohun tí ẹ ó ṣe rèé:

- Orúkọ bàbá kì í yí padà nínú fáìlì ológun. Ìwé ológun ni kí àwọn ìwé yòókù tẹ̀ lé. Bí NIN bá gbé 1949 tí fáìlì gbé 1946, NIN ni kẹ́ ẹ lọ tún ṣe lọ́dọ̀ NIMC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní NIN. Lẹ́yìn NIN ni kẹ́ ẹ tó lọ sí báńkì fún BVN. Ẹni tó bá ṣe é lódì, ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò sanwó.
- Ọmọ tó ti yí orúkọ padà yóò ṣe ìwé ìbúra ìyípadà orúkọ, yóò gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn, yóò sì tọ́jú ojú ewé náà gan-an, kì í ṣe fótókọ́pì nìkan. Kó tún wá ìwé àtijọ́ kan tó gbé orúkọ bàbá: ìwé ẹ̀rí ìbí, ìwé ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ohunkóhun tó ṣáájú ìyípadà náà.
- Bó bá jẹ́ pé lẹ́tà kan tàbí méjì ló yàtọ̀, ìwé ìbúra pé ẹnì kan náà ló ń jẹ́ orúkọ méjèèjì sábà máa ń tó. Kí bàbá fúnra rẹ̀ búra sí i nígbà tó ṣì lè lọ sí kóòtù.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ọmọ máa fi orúkọ tuntun tirẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù bàbá. Ẹ máa wo ìwé discharge kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun.

## 3. Bí bàbá bá ti kú

Ẹ tẹ̀ lé e bó ṣe tò yìí.

1. Ẹ fi káàdì ATM rẹ̀ sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ìnáwó òkú wà níwájú yín, mo sì mọ̀ pé owó oṣù yẹn lè ṣì wọlé. Bí ẹ bá ń fà á lẹ́yìn ikú rẹ̀, owó tí kì í ṣe tiyín mọ́ ni ẹ ń ná. Wọ́n lè yọ ọ́ padà nínú èyí tó tọ́ sí yín, wọ́n sì lè gbé e lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ kọ̀wé sí báńkì àti sí Military Pensions Board pé ó ti kú.

2. Ẹ gba ẹ̀rí ikú. Bó bá kú ní UNIOSUN Teaching Hospital tàbí ní ọsibítù Asùbíárò, ẹ má kúrò níbẹ̀ láìgba ìwé dókítà. Bó bá jẹ́ ilé ló kú sí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ọ̀pọ̀ ilé ń sin òkú Mùsùlùmí lọ́jọ́ kan náà, wọ́n á ti bo ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rántí ìwé. Kò burú, bí ẹ̀sìn ṣe là á kalẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ ìmáàmù tó kírun sí òkú náà lára (tàbí pásítọ̀, bó bá jẹ́ Kristẹni), kí ẹni tó wà níbẹ̀ lọ búra ní kóòtù, kẹ́ ẹ sì kó méjèèjì lọ sọ́dọ̀ National Population Commission ní ìjọba ìbílẹ̀ tí ilé náà wà, yálà Òṣogbo tàbí Ọlọ́rundá. Ìwé ẹ̀rí ikú tí wọ́n bá fún yín ni ẹ ó máa lò káàkiri. Ẹ rí i pé orúkọ ìwé ológun ló wà lórí rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kọ "Bàbá Kékeré" tàbí orúkọ oyè sí i.

3. Kí ẹbí jókòó. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ ní ilé olórogún. Next of kin kì í ṣe ajogún nìkan ṣoṣo. Ẹni tó ń gba owó wá sílé ni, àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ogún lè pè é lẹ́jọ́ bó bá jókòó lé e. Ẹ fẹnu kò kí ẹnikẹ́ni tó lọ s'Abuja: ṣé ìdí igi lẹ ó fi pín in, kí ìyá kọ̀ọ̀kan àtàwọn ọmọ rẹ̀ jẹ́ ìdí kan, àbí orí-ò-jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀, àbí ìlànà ẹ̀sìn Islam? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo ìdí fọwọ́ sí i. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni pé kí wọ́n má ṣe fi opó sẹ́yìn nínú ìjókòó yìí. Òun ló tọ́jú bàbá dópin, òun ló sì sábà mọ ibi tí ìwé wà.

4. Ẹ gba letter of administration, ìwé tí Ilé Ẹjọ́ Gíga fi ń fún àwọn kan láṣẹ láti bójú tó ohun ìní olóògbé. Ẹ lọ sí ẹ̀ka probate ní Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbí ní Òṣogbo. Wọ́n á béèrè ìwé ikú, orúkọ àwọn tó fẹ́ bójú tó ogún (ẹ mú méjì ó kéré tán, ó dáa kí wọ́n wá láti ìdí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀), àwọn onídùúró, àti àkójọ ohun ìní. Wọ́n á tún ní kí ẹ kéde rẹ̀ kí ẹni tó bá ní àtakò lè sọ̀rọ̀. Iye tí ẹ máa san dá lórí iye ohun ìní náà.
   Ìkìlọ̀: ẹ kọ owó tó wà lọ́wọ́ Military Pensions Board àti àkáǹtì báńkì olóògbé sínú àkójọ yẹn *láti ìbẹ̀rẹ̀*. Bí ẹ bá kọ ilé àti ilẹ̀ nìkan, ẹ ó padà sí kóòtù.

5. Ẹ kọ lẹ́tà sí Military Pensions Board, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, kò gbọdọ̀ ju ojú ewé kan lọ. Nọ́ńbà ológun àti orúkọ bàbá ni kó wà lókè pátápátá. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ tó kúrò níṣẹ́, ọjọ́ tó kú, orúkọ next of kin, nọ́ńbà fóònù yín, àti ohun tí ẹ ń béèrè ní pàtó. Ẹ má fi ìtàn ìyà kún un. Ẹ béèrè pé kí wọ́n sọ iye tó kù fún olóògbé, ìwé tí wọ́n fẹ́, àti ọjọ́ tí wọn yóò ṣàyẹ̀wò next of kin. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu sitáǹpù sí ẹ̀dà tiyín, tàbí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹ ó fi ní ẹ̀rí pé ó dé.

6. Kí next of kin lọ fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá pè é.

Ohun tó máa wà nínú àpò:

- Ìwé discharge àti ìwé pẹ́ńṣọ̀n olóògbé
- Ìwé ẹ̀rí ikú
- Letter of administration
- NIN, BVN àti ìwé báńkì ẹni tó fẹ́ gba owó
- Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù
- Ìwé ìbúra àti ojú ewé ìwé ìròyìn, bí orúkọ bá yàtọ̀
- Fótókọ́pì mẹ́ta gbogbo rẹ̀

Ẹ kó ojúlówó dání, àmọ́ fótókọ́pì ni kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

### Kí ni ẹ lè retí?

Mo fẹ́ sọ èyí láìfi bò, torí àwọn kan ti yá owó sílẹ̀ de owó tí kò sí. Ìlànà ni pé pẹ́ńṣọ̀n ní ìdánilójú ọdún 5. Bí bàbá bá kú kó tó pé ọdún 5 tó fẹ̀yìntì, ẹbí lẹ́tọ̀ọ́ sí èyí tó kù nínú ọdún 5 náà. Bó bá ti gbà á ju ọdún 5 lọ, pẹ́ńṣọ̀n oṣooṣù parí pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó kù fún yín ni àjẹsílẹ̀, ìyẹn owó tó tọ́ sí i kó tó kú tí wọn kò tíì san.

Àjẹsílẹ̀ yìí lè pọ̀ o. Ẹ bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: gratuity (owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan náà) tí wọn kò san tán; oṣù tí owó fi dúró nítorí àyẹ̀wò; Security Debarment Allowance (owó tó wà fún sójà tó fẹ̀yìntì torí pé wọ́n ní kó má fi ìmọ̀ ológun rẹ̀ ṣiṣẹ́ níbòmíràn), tí àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì ti torí rẹ̀ fi ẹ̀hónú hàn l'Abuja; àti àfikún owó ìfẹ̀yìntì. Abala 173 ìwé òfin Nàìjíríà ní kí wọ́n máa tún pẹ́ńṣọ̀n yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba bá lọ sókè, èyíkéyìí tó bá ṣáájú. Ní 2024, lẹ́yìn tí owó oṣù tó kéré jù di ₦70,000, ìjọba àpapọ̀ kéde àfikún ₦32,000 fún àwọn tó wà lórí ètò pẹ́ńṣọ̀n àtijọ́. Ẹ wo ìwé báńkì bàbá láti ìgbà náà, kí ẹ mọ èyí tó wọlé àti èyí tí kò wọlé.

## 4. Sójà tó kú lẹ́nu iṣẹ́

Ọ̀rọ̀ eléyìí yàtọ̀, ó sì dun ni jù, torí ìyàwó rẹ̀ kì í sábà tíì dàgbà púpọ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun rẹ̀ ló yẹ kó gbé ìwé dìde. Ẹ béèrè orúkọ ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà, ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, ẹ sì béèrè ẹ̀dà lẹ́tà tí wọ́n fi ròyìn ikú náà lọ sí òkè. Yàtọ̀ sí owó ikú àti gratuity, ẹ béèrè nípa Group Life Assurance, ìyẹn owó adójútòfò tó wà fún ẹni tó kú lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀tọ̀ ni owó yẹn. Bí ẹ kò bá dárúkọ rẹ̀, ó lè má wọnú ọ̀rọ̀ rárá.

Ìyàwó tí wọ́n ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tàbí nikah nìkan, ẹ tètè wá ìwé: ìwé nikah láti mọ́sálásí, tàbí ìwé ìbúra tí àwọn òbí ìyàwó àti ọkọ jọ jẹ́rìí sí. Fọ́tò ìdána nìkan kò tó. Ẹ má sì kúrò ní bárékè láìgba ìwé ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ẹ máa padà kàn sí.

## 5. Bí ìwé bá ti sọnù

Ìwé discharge tó jóná tàbí tí ikán jẹ: ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá gba ìwé pé ó sọnù, ẹ búra ní kóòtù, ẹ fi méjèèjì ti lẹ́tà tí ẹ ó kọ sí ibi tí fáìlì rẹ̀ wà, Lọ́kọ́ja fún ọmọ ogun orí ilẹ̀ tí kì í ṣe ọ̀gá. Nọ́ńbà ológun ni ẹ ó nílò. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ yẹ ẹ̀yìn àwọn fọ́tò àtijọ́ wò, ẹ wo àpótí irin tó gbé bọ̀ láti bárékè àti àwọn ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì bi àwọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìntì. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ ní NAFRC ní Òṣòdì (ibùdó tí wọ́n ti ń kọ́ sójà níṣẹ́ tí yóò máa ṣe lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì) kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lè ní ìwé ẹ̀rí ibẹ̀ nílé. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà rẹ̀ wà lórí ẹ̀.

## 6. Àwọn tí kẹ́ ẹ yẹra fún

Àyẹ̀wò jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹni tó bá pè yín pé òun wà ní Military Pensions Board, pé kí ẹ fi owó ránṣẹ́ kí fáìlì lè rìn, olè ni. Ẹni tó bá béèrè nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù, olè ni, bó tilẹ̀ mọ nọ́ńbà ológun bàbá. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn pé ẹ ó fún un ní ìdá kan nínú owó náà, ẹ má sì fi ìwé ojúlówó sílẹ̀ sọ́wọ́ "ẹni tó mọ èèyàn níbẹ̀." Owó ìtẹ̀wé, owó kóòtù, owó ìwé ìròyìn, owó àtúnṣe NIN, owó ọkọ̀: ìwọ̀nyẹn nìkan ni ìnáwó tó tọ́.

## 7. Bí wọn kò bá dáhùn

Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Nigerian Legion (Veterans Federation of Nigeria ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ báyìí), ẹgbẹ́ àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì tí òfin dá sílẹ̀ ní 1964, kí ẹ béèrè ẹ̀ka ti Ọ̀ṣun. Bí ẹ kò bá mọ ọ̀kankan nínú wọn, ẹ lọ síbi ayẹyẹ ìrántí àwọn akọni ológun tí wọ́n máa ń ṣe ní Òṣogbo lọ́jọ́ 15 oṣù kìíní. Ẹ má kó ìwé lọ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbà á. Nọ́ńbà fóònù ni kẹ́ ẹ lọ gbà lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀dà lẹ́tà yín tó ní sitáǹpù kọ ìránnilétí. Bó bá tún dákẹ́, ẹ gbé ẹ̀dà méjèèjì lọ sí Public Complaints Commission, tó ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ wọn ni láti bi iléeṣẹ́ ìjọba léèrè ìdí tí ọ̀rọ̀ ará ìlú fi falẹ̀, wọn kì í sì í gba owó. Bó bá jẹ́ ẹbí ló ń jà láàárín ara wọn, tàbí tí next of kin gba owó tó sì sé ìlẹ̀kùn mọ́rí, Legal Aid Council ni kẹ́ ẹ lọ bá. Lọ́yà wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká a. Kí ẹni tó ń lọ mú ìwé ikú, letter of administration àti ìwé tí ẹbí fọwọ́ sí nígbà tí wọ́n jókòó dání lọ.